Ta Ló Ni Ewé Ẹ̀gẹ́ Yìí?

Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni màámi ń ṣe. Kì í rán aṣọ. Àwọn télọ̀ ló ń rán búbù tán, tí wọ́n á gbé e wá fún un kó fi òwú kọ ọnà sí ọrùn rẹ̀, sí àyà, àti sí etí apá. Treichville, àdúgbò kan ní ìlú elédè Faransé tí à ń gbé yìí, ló ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí bàbá mi ṣì ń ta gínì, èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní bazin, nítòsí mọ́ṣáláṣí. Nígbà tí àìsàn gbé bàbá mi padà sí Ìgbòho, tó sì kú síbẹ̀, a kó wá sí àdúgbò Niangon, màámi sì gba ṣọ́ọ̀bù tóóró kan ní oríta Siporex, láàárín ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe àti obìnrin tó ń ta àtíkẹ́, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń jẹ níbí, pẹ̀lú ẹja díndín. Òórùn òróró gbígbóná máa ń bá aṣọ àwọn oníbàárà wa lọ sílé. Kò sí ẹni tó bínú sí i rí.

Oríṣiríṣi ọnà ló mọ̀ ọ́n kọ, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an. Ewé ẹ̀gẹ́ ni. Ewé náà là bí àtẹ́lẹwọ́, àwọn ìka rẹ̀ gùn, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀kan fara ti èkejì bí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ àṣírí. Ìka tó gbẹ̀yìn nínú ewé kọ̀ọ̀kan kì í kún. Màámi á fi òwú yí etí rẹ̀ ká, á sì fi inú rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo bi í pé kí ló dé.

"Ìwọ lo fà á," ó ní. "Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kọ ọ́, o ké lẹ́yìn mi títí. Mo gbé aṣọ sílẹ̀, mo fún ọ lọ́mú. Nígbà tí mo padà sídìí rẹ̀, mo rí i pé ó rẹwà bó ṣe wà. Mi ò fọwọ́ kàn án mọ́."

Nítorí náà, láti kékeré ni mo ti gbà pé mo ní ìpín nínú ọnà yẹn. Mo máa ń rí i lára àwọn obìnrin tó ń lọ síbi ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú, inú mi á sì dùn bí ẹni pé orúkọ mi ni wọ́n gbé kọ́rùn.

Èmi náà ni mo gbé e lọ sórí rezo, bí a ṣe ń pe ayélujára níbí. Ilé egbòogi kan ní Niangon ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ tí mi ò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, mo máa ń jókòó ti màámi, kí n gbé fóònù sókè ọwọ́ rẹ̀, kí n máa ya fídíò. Kò fẹ́ kí ojú òun hàn. Ó ní ojú òun ti darúgbó, ọwọ́ òun ni kò tíì darúgbó. Ọwọ́ yẹn nìkan ni mo ń fi hàn: abẹ́rẹ́ tó ń wọlé tó ń jáde, òwú aláwọ̀ wúrà, ariwo àwọn tó ń pe èrò sínú ọkọ̀ gbákà lójú títì. Mi ò fi orin kankan sí i. Àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀. "Mamá, ọwọ́ yín ń tù wá lára," ni wọ́n máa ń kọ. Mo máa ń kà á sí i létí, á bú sẹ́rìn-ín, á ní kí n bá òun kí wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ṣí fóònù mi, ojú ìwé wa kò sí mọ́. Ọ̀rọ̀ ṣókí kan ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀: ẹnì kan ti fẹjọ́ wa sùn pé àrà tí òun dá, tí òun sì ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ni a jí kọ. Wọ́n ti gbé gbogbo fídíò wa kúrò.

Mo gba Siporex lọ kí n tó lọ síbi iṣẹ́.

"Wọ́n ní a jí kí ni?" màámi bi mí.

"Ewé ẹ̀gẹ́, Màámi."

Ó rẹ́rìn-ín. "Nínú oko ta ni mo ti lọ já a?"

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà débẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, aṣọ tó wà lórí itan rẹ̀ láàárọ̀ ṣì wà bẹ́ẹ̀. Kò tíì fi abẹ́rẹ́ kàn án.

Oníbàárà wa kan ló fi ẹni tó fẹjọ́ sùn hàn wá. Ọ̀dọ́bìnrin kan ni, tó ní ilé aṣọ ní Cocody, àdúgbò àwọn olówó, ọmọ ìlú yìí gan-an. Lójú ìwé tirẹ̀, àwọn ọmọge gígùn wọ aṣọ ṣẹ́dà, wọ́n dúró níwájú ògiri funfun, ewé ẹ̀gẹ́ sì yí ọrùn wọn ká. Ẹ̀rọ ló kọ ọ́, kì í ṣe ọwọ́. Ó mọ́, ó dán, ewé kan kò fi bíńtín yàtọ̀ sí èkejì. Mo fẹ àwòrán náà kó tóbi sí i. Ìka tó gbẹ̀yìn ṣófo.

Nísàlẹ̀ àwòrán, ó kọ ọ́ ní Faransé pé: ogún tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi nìyí kó tó kú.

"Ẹ ò rí irọ́!" ni mo wí. "Ìyá rẹ̀! Kí ló kan ìyá rẹ̀ níbẹ̀?"

Màámi gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó gbé e jìnnà sójú, ó tún gbé e súnmọ́ ọn. "Ó mọ aṣọ dá fún èèyàn," ó ní. "Wo bí ọrùn yẹn ṣe jókòó." Díẹ̀ ló kù kí n já fóònù mi gbà.

Agbẹjọ́rò kan máa ń wá ra oògùn lọ́dọ̀ wa. Mo ro ẹjọ́ náà fún un lórí káńtà. Ó ní kí n má fi ìbínú ṣe é. Ó ní bí ẹnì kan bá fi orúkọ àrà kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ìyẹn kò sọ ohun tó ti wà lára aṣọ èèyàn tipẹ́tipẹ́ di tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n wọ́gi lé e gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá. "Ẹ wá aṣọ tó dàgbà ju tirẹ̀ lọ," ó ní, "àti fọ́tò."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà àtijọ́ nìyẹn. Mi ò lérò pé wọ́n máa dá wa lóhùn, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ni a kò rí mọ́ láti ìgbà tí a ti kúrò ní Treichville. Wọ́n dé. Ìyá arúgbó kan tó jẹ́ Dìúlà mú búbù tirẹ̀ wá nínú ìwé ìròyìn. Òun ló wọ̀ níbi ìgbéyàwó gbogbo ọmọ rẹ̀. Obìnrin kan láti Benin mú ìrọ̀rí wá. Búbù náà ti ya mọ́ ọn lára, ó ní òun kò lè sọ ọ́ nù, ni òun bá gé ibi tí ewé wà, òun fi rán ìrọ̀rí fún ọmọ ọmọ òun. Ẹlòmíràn mú fọ́tò ìsọmọlórúkọ wá, màámi sì wà lẹ́yìn níbẹ̀, ó tín-ín-rín, ó pọn mí sẹ́yìn.

Màámi ń gba aṣọ kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti ìrìn àjò dé. Á gbé e símú, á fọwọ́ pa á lára. Tó bá rí ibi tí òwú ti tú, á wá òwú tó bá a mu, á dì í padà kí ẹni tó ni ín tó mu omi tán. Ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ kò wá sí wọn lẹ́nu. Ẹni tó bímọ, ẹni tó kú, ẹni tó wà nílẹ̀ Faransé báyìí, ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn, èmi ni mo ń ya fọ́tò ẹ̀rí kiri láàárín wọn.

Mi ò dúró de agbẹjọ́rò. Mo to àwọn aṣọ àtijọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ti ọmọ Cocody, mo fi ohùn ara mi sọ ọ́ pé olè ni, mo sì gbé e sórí rezo láti ojú ìwé tèmi. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti tàn dé ibi tí mi ò mọ ẹnì kankan. Àwọn kan ń gbèjà wa. Àwọn kan ní kí Ànàgó, bí wọ́n ṣe ń pè wá níbí, máa lọ sílùú wọn, bẹ́ẹ̀ Treichville ni wọ́n bí mi sí. Ọ̀pọ̀ ló sì ya bo ojú ìwé ọmọbìnrin náà.

Màámi ní kí n ka ohun tí wọ́n kọ fún òun. Mo ń kà á lọ, mo kan ibi tí ẹnì kan ti bú ìyá ọmọ náà nínú sàréè rẹ̀. Màámi gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

"Yọ fídíò yẹn kúrò."

"Màámi, àwa la jàre."

"Mo gbọ́. Ẹni tó jàre ò nílò kó bú òkú. Yọ ọ́ kúrò."

Mo yọ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ti gbà á sórí fóònù tiwọn, kò sì sí bí a ṣe lè bá gbogbo wọn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ọmọbìnrin náà wá fúnra rẹ̀. Takisí gbé e sílẹ̀ níwájú aláàtíkẹ́. Mo dá a mọ̀ kó tó yọ awò dúdú ojú rẹ̀. Nígbà tó yọ ọ́, mo rí i pé ó ti sunkún. Ó gbá àpò ọ̀rá kan mọ́ àyà.

"Ẹ̀yin lẹ pè mí lólè," ó fi Faransé wí.

"Èmi ni," mo ní, mo sì dìde dúró.

"Aṣọ ìyá mi ni mo mú wá. Ẹ wò ó, kí ẹ wá tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ lójú mi."

Ó tú àpò. Búbù bazin aláwọ̀ aró ló wà nínú rẹ̀, ó ti ṣá, ó ti rọ̀ bí aṣọ ìpọnmọ. Ewé ẹ̀gẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀, òwú funfun tó ti pọ́n díẹ̀díẹ̀.

"Ìyá mi ló kọ ọ́," ó ní. "Àǹtí mi tó tọ́ mi ló sọ fún mi pé ọwọ́ ìyá mi wà lára aṣọ yìí. Òun nìkan ni mo ní tó jẹ́ tirẹ̀. Mo ń dì í mọ́ra sùn títí mo fi dàgbà. Báwo ni mo ṣe máa jí ohun tó wà lórí ibùsùn mi?"

Mo ti ní èsì lẹ́nu. Màámi já mi léèékánná ní ìgúnpá. Ó ti fa búbù náà sórí itan rẹ̀. Kò tiẹ̀ kọ́kọ́ wo ọrùn. Ó yí i sódì, ó ń fi ìka tọ ojú rírán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ti tú ibẹ̀ rí, wọ́n tún un rán, wọ́n tún tú u. Ojú ihò abẹ́rẹ́ àtijọ́ tò lọ síbẹ̀ bí ipa eèrà.

"Ṣé tísà ni ìyá rẹ?" màámi bi í.

Ọmọbìnrin náà gbójú sókè. "Tísà ni. Ní Treichville."

"Tó máa ń ní ẹfun ìkọ̀wé nínú irun."

"Mi ò mọ̀. Mi ò rántí rẹ̀. Mi ò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ dáadáa nígbà tó kú."

"Yako," màámi wí, bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tí ìbànújẹ́ bá níbí. "Yako, ọmọ mi. Nígbà tí kò yà lọ́dọ̀ mi mọ́, mo rò pé wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwé mìíràn ni."

Ọmọ náà jókòó sórí àpótí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi í lọ̀ ọ́. Mo ń wo màámi. Mo mọ̀ pé ó ń wá bí ó ṣe máa sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń retí kó jáde lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, ó wá ń ṣe mí bíi pé kó má tíì jáde.

"Mi ò ní purọ́ fún ọ," màámi ní. "Èmi ni mo kọ ọnà yìí. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́ fún ọ. Ìyá rẹ ló yan òwú. Mo ní kó mú aláwọ̀ wúrà, ó kọ̀, ó ní wúrà ń pariwo jù. Lẹ́yìn náà ló lóyún, kò sì fẹ́ bọ́ aṣọ yìí sílẹ̀. Bí ikùn bá ti ga díẹ̀, á wá bá mi pé kí n tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún òun. Ojú ihò tí o ń wò yìí, ìwọ ni. Ìwọ lò ń dàgbà."

Ọmọbìnrin náà na ọwọ́, ó fi ìka kan ibẹ̀.

"Bí ilé ìwé bá ti parí, á yà lọ́dọ̀ mi, á jókòó sórí ẹní, á na ẹsẹ̀ síta. Máńgòrò tí kò tíì pọ́n ló máa ń jẹ, pẹ̀lú iyọ̀. Tí o bá ti ta á nípàá nínú, á ní, 'Mádáàmù ti dé o.' Ó máa ń pè ọ́ ní mádáàmù kó tó bí ọ."

Ẹ̀rín àti ẹkún jáde lẹ́nu ọmọbìnrin náà pọ̀. Èmi náà yíjú sí òde, mo ń wo aláàtíkẹ́ bí ẹni pé mo fẹ́ ra nǹkan.

Màámi ṣì ń yẹ búbù náà wò. Ó dé apá òsì, ó dúró. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Àǹtí rẹ kò parọ́ o. Wá wò ó. Ewé yìí kì í ṣe ọwọ́ mi."

Àwa méjèèjì súnmọ́ ọn. Ewé kan ṣoṣo ni, nítòsí etí apá. Ó wọ́ díẹ̀, ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ tóbi, wọ́n fa òwú le débi pé aṣọ hunjọ lábẹ́ rẹ̀. Ìka tó gbẹ̀yìn kún dẹ́ńdẹ́.

"Ó ní kí n kọ́ òun," màámi ní. "Mo fún un ní abẹ́rẹ́. Ọ̀sán ọjọ́ kan gbáko ló fi ṣe ewé kan yìí. Nígbà tó dé ìdí ìka tó kẹ́yìn, mo ní kó fi í sílẹ̀, pé bó ṣe ń rí nìyẹn. Ó ní rárá, òun kì í fi nǹkan sílẹ̀ láìparí. Bí àwọn ọmọ kíláàsì òun bá gbọ́, wọ́n á fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fi òwú kún un. Ọwọ́ ìyá rẹ wà lára aṣọ yìí. Ibi tó wà nìyí."

Ọmọbìnrin náà gbé apá aṣọ náà lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, níbi tí ewé wà, ó sì jókòó bẹ́ẹ̀ pẹ́. Obìnrin aláàtíkẹ́ yọjú wọlé, ó rí wa, ó rọra padà lọ gbé omi tútù wá.

Nígbà tí ọmọbìnrin náà ń lọ, ó kúnlẹ̀ níwájú màámi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í kúnlẹ̀ kí èèyàn nílé tiwọn. Ó ní àwọn tó ń bójú tó iṣẹ́ òun lórí rezo ló rí fídíò wa tí wọ́n sì fẹjọ́ sùn, òun sì fọwọ́ sí i nítorí ó dun òun pé àjèjì kan ń fi ohun ìyá òun ṣeré. Èmi náà ní kó má bínú sí ohun tí mo pè é. Ó ní òun ti gbọ́. Kò sọ pé kò dun òun.

Ó gba ẹjọ́ rẹ̀ padà. Ojú ìwé wa tún hàn, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn fídíò àkọ́kọ́ kò bá a padà wá. Ó ya fídíò kan tó fi sọ ẹni tó kọ ewé náà àti bí òun ṣe ṣì í mú. Àwọn kan yìn ín, àwọn kan ní ẹ̀rù ilé ẹjọ́ ló bà á. Ó dùn mí fún un nígbà tí mo kà á.

Lẹ́yìn náà, a jọ lọ bá agbẹjọ́rò. Ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ ló mú àbá wá. Ó ní kí ewé tí ìka rẹ̀ ṣófo wà lórúkọ màámi, kí òun sì máa lo èyí tó kún, tí ìyá òun ṣe. Agbẹjọ́rò ní àwọn méjèèjì jọra jù, àyàfi bí ẹni tó kọ́kọ́ dá a bá yọ̀ǹda. Ó yíjú sí màámi, ó bẹ̀rẹ̀ àlàyé.

"Ṣebí èmi ni mo fún ìyá rẹ̀ ní abẹ́rẹ́," màámi já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Mo ti yọ̀ǹda nígbà náà."

Ó sì buwọ́ lu ìwé ìyọ̀ǹda.

Mi ò ní sọ pé gbogbo rẹ̀ wá dára. Ní ọjà Treichville, mo ti rí ewé ẹ̀gẹ́ lára àǹkárá olówó pọ́ọ́kú. Ó ṣófo lára àwọn kan, ó kún lára àwọn kan. Ẹni tó ń tà á kò mọ ibi tó ti wá. Mo bi í, ó ní ọkọ̀ ojú omi ló kó o dé. Inú bí mi títí mo fi délé. Màámi bi mí bóyá àwọ̀ rẹ̀ dára.

Ọmọbìnrin náà ń wá sí Siporex nígbà tí ààyè bá gbà á, ó ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Kò yá rárá. Ó ń fa òwú le bíi ti ìyá rẹ̀, màámi á sì ní kó tú u, á tú u. Mo rò ó pé kì í ṣe tìtorí abẹ́rẹ́ ló ṣe ń wá. Màámi ti ń gbàgbé nǹkan báyìí. Ó lè wá gíláàsì ojú rẹ̀ kiri nígbà tó wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tísà yẹn ń padà wá bá a wẹ́wẹ́, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò retí rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ó ń gé àlùbọ́sà ní ilé ìdáná wa ní Niangon, ó sáré jáde sí mi pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́.

"Bá mi pe ọmọ yẹn. Yára, kí n tó gbàgbé."

Mo pè é, mo jẹ́ kí ohùn rẹ̀ máa jáde síta.

"Ọmọ mi," màámi ní, "adìẹ máa ń ba ìyá rẹ lẹ́rù. Adìẹ kan máa ń jẹ̀ kiri níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Tó bá ti súnmọ́ ọn, tísà á dìde tòun ti oyún, á fò lé àga."

A gbọ́ bó ṣe ti ilẹ̀kùn kan.

"Mamá," ni ohùn náà wá sọ, jẹ́jẹ́. "Ó máa ń ba èmi náà lẹ́rù. Mi ò sọ fún ẹnì kankan rí."